Àpótí Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ẹṣin: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Rẹ̀ àti Ohun Tí Kò Yẹ

Nígbà tí a bá ń ki Ìlọrin Àfọ̀njá, a máa ń sọ pé ìlú tó tóbi tó yẹn kò ní eégún, pé ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ sì ni orò ibẹ̀. Bí ọdún Iléyá bá ti dé tí àkókò Dọ́bà sì tó, Balógun Àjíkòbì, Balógun Àlánamú, Balógun Fúlàní àti Balógun Gàmbàrí pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin wọn a máa jáde lọ júbà Ẹ́míà, gbogbo ìlú a sì tú jáde wá wòran. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé tí ẹṣin wà, bí èèyàn bá béèrè ohun tí wọ́n ní nílẹ̀ de ọjọ́ tí páànù bá ya ẹṣin lẹ́sẹ̀ tàbí tí inú bá ń run ún lóru, ìdáhùn méjì ló sábà máa ń jáde. Àwọn kan kò ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn á gbé ọ̀rá kan jáde tó kún fún ìgò abẹ́rẹ́, oògùn màlúù, oògùn ènìyàn àti àjẹkù oògùn tí kò sí ẹni tó rántí ọdún tí wọ́n rà á. Ní ìdájọ́ tèmi, ẹṣin ẹni tó ní ọ̀rá yìí ló wà nínú ewu jù, nítorí pé ẹni tí kò ní nǹkan kan á tètè pe dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀rá á kọ́kọ́ gún ẹṣin lábẹ́rẹ́ ná, á sì di ọjọ́ kejì kó tó wá olùrànlọ́wọ́.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìtọ́jú pàjáwìrì túmọ̀ sí wíwo àìsàn sàn nílé. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni àpótí yìí wà fún. Àkọ́kọ́ ni kí a lè mọ bí ọ̀ràn náà ti le tó. Èkejì ni kí a dá a dúró kí ó má bàa burú sí i. Ẹ̀kẹta ni kí a lè ròyìn ohun tí a rí fún dókítà ẹranko lọ́nà tí yóò fi mọ̀ bóyá kí òun fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí kí òun dúró di àárọ̀. Ohunkóhun tí kò bá ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí kò ní àyè nínú àpótí, bó ti wù kí owó tí a fi rà á pọ̀ tó.

Nítorí náà, ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni tẹmómítà, aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan àti bírò. Ẹṣin kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ní àwọn iye kan tí kì í purọ́. Ẹṣin àgbà tí ara rẹ̀ le, tó sì wà ní ìsinmi, máa ń ní ìgbóná ara tó wà láàárín ìwọ̀n 37.5 sí 38.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń mí ní ìgbà 8 sí 16. Erìgì rẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń ní omi lára. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ibẹ̀ fi funfun, tí a sì ká ọwọ́ kúrò, àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti padà kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó pé. Bí lílù ọkàn ẹṣin tó wà lórí ìdúró, tí kò sáré, bá ti kọjá 60, tí ó sì ń fi àmì ìrora hàn, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ohun tí a ń wò níran.

Wíwọn ìgbóná ara ẹṣin ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tẹmómítà tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ni ó dára jù, nítorí pé èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe lè fọ́. Ẹ so òwú tó yi mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ so orí kejì òwú náà mọ́ irun ìrù, torí pé tẹmómítà lè wọ inú ẹṣin lọ pátápátá tàbí kí ó já bọ́ sínú koríko. Ẹ fi fasilíìnì pa orí rẹ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn ẹṣin, kí ẹ má ṣe dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìrù sókè díẹ̀, kí ẹ sì rọra ti tẹmómítà náà wọ ihò ìdí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè fara kan ògiri ìfun, nítorí pé bí ó bá wà láàárín ìgbẹ́, iye tí yóò gbé jáde kò ní jẹ́ òótọ́. Ní ti lílù ọkàn, ẹ fi ìka méjì wá etí inú eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti gba orí eegun kọjá. Ó máa ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí a bá tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ ka lílù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì sọ iye náà di ìlọ́po méjì.

Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti di ohun tí ọwọ́ mọ̀ kí pàjáwìrì tó dé. Ẹ wọn ẹṣin yín nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé náà, nítorí pé ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 30 lójoojúmọ́, tó wá di 44 lónìí, ń sọ nǹkan kan fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 44 ṣì wà láàárín ohun tí ìwé ń pè ní dáadáa.

Inú ìwé yìí kan náà ni ó yẹ kí ìwọ̀n ara ẹṣin wà, torí pé ìwọ̀n ara ni dókítà fi ń ṣírò oògùn. Kò sí ilé tó ní òṣùwọ̀n tí ẹṣin lè gùn, ṣùgbọ́n okùn ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ fi okùn yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ìgunpá ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn okùn náà ní sẹ̀ǹtímítà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ara rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká níwájú dé ṣóńṣó ìdí lẹ́yìn. Ẹ fi iye àkọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi iye kejì sọ èsì náà di púpọ̀, kí ẹ sì fi 11,880 pín gbogbo rẹ̀. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ 155, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 145, yóò wọn nǹkan bíi kílò 293. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lo okùn ni pé téèpù àwọn aránṣọ sábà máa ń parí sí sẹ̀ǹtímítà 150, kò sì ní lè yí àyà ọ̀pọ̀ ẹṣin ká.

Ọgbẹ́ ni ohun tí a ó máa ṣí àpótí fún jù. Páànù, wáyà ẹ̀gún, ìgò tó fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà àti tapá ẹṣin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ohun tí a nílò kò ju aṣọ gọ́ọ̀sì tó nípọn tàbí táwẹ́ẹ̀lì mímọ́ lọ, kí a gbé e lé ojú ọgbẹ́, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jò la aṣọ náà kọjá, a ó gbé òmíràn lé e lórí. A kò ní ká ti àkọ́kọ́ kúrò, nítorí pé kíká a ni yóò tún ṣí ibi tó ti fẹ́ dì. Ìpayà máa ń mú kí àwọn èèyàn fi okùn di ẹsẹ̀ ẹṣin pinpin lókè ọgbẹ́, èyí tó lè pa ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹṣin tó wọn kílò 350 ju lítà 25 lọ, nítorí náà ohun tó tú sílẹ̀ tó dà bíi pé ó ti pọ̀ jù lè má tíì tó ohun tí yóò pa á. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, fífọ ọgbẹ́ ló kàn, omi iyọ̀ ló sì dára jù fún un. Ẹ ṣe omi lítà kan, ẹ jẹ́ kí ó hó, kí ẹ sì fi ṣíbí tíì iyọ̀ méjì tí kò ga lójú sí i. Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi sìríǹjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu fà á, kí ẹ máa tú u sí ojú ọgbẹ́ títí iyanrìn àti irun yóò fi ṣàn jáde. Bí ẹ bá fẹ́ lo áyódíìnì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, èyí tí wọ́n kọ 10% sí lára, mílí 10 péré nínú lítà omi kan ti tó. Bí ó ti wà nínú ìgò, ó le jù, ó sì ń pa ẹran ara tuntun tó yẹ kó dí ọgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípírítì, haidirójìn pẹrọ́sáìdì àti ísáàlì ṣe ń jó ẹran ara. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú àti ẹ̀tù inú bátìrì tí àwọn kan ń dà sójú ọgbẹ́ láti lé eṣinṣin jẹ́ májèlé pátápátá. Ní ti òrí wa, mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ tó lè ṣe: ẹ fi pa awọ ara tó wà nísàlẹ̀ ọgbẹ́, kí omi tó ń jáde má bàa bó irun àti awọ ibẹ̀. Ẹ má fi sínú ọgbẹ́ tí dókítà kò tíì rí, torí pé bí ó bá ti fẹ́ ran án, ọ̀rá náà ni yóò kọ́kọ́ fi àkókò ṣòfò láti fọ̀ kúrò.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹlẹ́ṣin mọ̀ nípa ọgbẹ́: títóbi rẹ̀ kọ́ ni a fi ń mọ bí ó ti léwu tó. Awọ tó ya gbàràgàdà ní àyà lè san láìsí wàhálà, nígbà tí ihò kékeré tí ìṣó dá sí ẹ̀gbẹ́ oríkèé ẹsẹ̀ lè gbé kòkòrò àrùn wọ inú oríkèé náà, kí ẹṣin má sì tún lè rìn mọ́ láé. Bí ọgbẹ́ bá wà nítòsí oríkèé tàbí lórí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, tàbí tí omi tó ń fà, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bá ń jáde níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni dókítà gbọ́dọ̀ dé.

Dídi ẹsẹ̀ ẹṣin nílò òwú púpọ̀. Gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ ni ó máa wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ òwú tó nípọn yíká ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni báńdéèjì tó ń fà yóò wá borí. Báńdéèjì tó ń fà kò gbọ́dọ̀ kan awọ ẹsẹ̀ láìsí òwú lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin kò ní ẹran, eegun àti iṣan nìkan ló wà níbẹ̀, dídì tó fún jù sì lè ba iṣan náà jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ra róòlù òwú ńlá méjì ó kéré tán, torí pé òwú ni ó máa ń kọ́kọ́ tán.

Pátákò nílò irin tí a fi ń wa ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ rẹ̀, ìtẹ́dìí ọmọ wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Pampers, àti téèpù fífẹ̀ tó yi. Nígbà tí pátákò bá ní ọgbẹ́ tàbí tó bá ń yọ ọyún, Pampers a máa bá a mu bí ẹni pé wọ́n dá a fún un, téèpù a sì dì í mú. Bí ìṣó bá gún àtẹ́lẹsẹ̀ ẹṣin, tí dókítà sì wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí ìṣó náà wà níbẹ̀, kí ẹ di nǹkan tó nípọn yí i ká kí ẹṣin má bàa tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i, torí pé dókítà fẹ́ rí ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Bí kò bá sí bí ẹṣin kò ṣe ní máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi bírò sàmì sí ojú ihò náà, ẹ sàmì sí ara ìṣó láti fi hàn bí ó ti wọlé tó, kí ẹ sì tọ́jú ìṣó náà pamọ́. Ihò irú èyí ni tẹ́tánọ́ọ̀sì fẹ́ràn jù. Inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹṣin fúnra rẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà ń gbé, ẹṣin sì wà lára àwọn ẹranko tí ó tètè ń pa jù lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà rẹ̀ wà: méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 máa ń wà láàárín wọn, lẹ́yìn náà ni èyí tí a ó máa fi tún un ṣe bí dókítà bá ti là á sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹṣin gbà á kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀.

Inú rírun ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ó wà lára ohun tí ó ń pa ẹṣin jù, àpótí wa kò sì ní oògùn kankan fún un. Ẹṣin tí inú ń run a máa fi pátákò iwájú wa ilẹ̀, a máa bojú wẹ̀yìn wo ìhà rẹ̀, a dùbúlẹ̀, a tún dìde, a yí gbiri, a sì lè má yàgbẹ́ mọ́. Ohun tó yẹ ni kí a kó gbogbo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí a wọn àwọn iye tí mo ti kà sílẹ̀, kí a wo ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, kí a pe dókítà, kí a sì fi okùn fà á rìn jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí ìyẹn bá ń tù ú. Bí ó bá ń da ara rẹ̀ lulẹ̀, ẹ yàgò fún un. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni gbígbé orí ẹṣin sókè kí ẹ sì da epo, kán-ún tàbí àgbo sí i lọ́fun. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu lágbára lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹṣin tí inú rírun ì bá fi sílẹ̀ yóò sì kú ikú ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ̀ pé ó ṣòro nígbà tí àgbàlagbà ilé bá ti ní kí wọ́n gbé epo wá. Ọmọ tó bá wà lẹ́bàá ẹṣin lè kúnlẹ̀ sọ pé, “Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu dókítà ná,” kí ó sì gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ apanilára pàápàá kò yẹ kí a fún un kí dókítà tó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó lè bo ìrora tí dókítà yóò fi mọ̀ bóyá ìfun ti lọ́.

Èyí ló mú wa dé orí àwọn ohun tí kò yẹ kí ó wà nínú àpótí rárá. Ìlú tí a ti ń sin màlúù, ewúrẹ́, adìyẹ àti ẹṣin pọ̀ sójú kan ni tiwa, oògùn ọ̀kan sì máa ń rọrùn láti gbé fún èkejì. Oògùn amitraz tí a fi ń pa eégbọn ara màlúù àti ajá lè dá ìfun ẹṣin dúró kí ó má ṣiṣẹ́ mọ́. Lincomycin tí àwọn ẹran mìíràn ń lò lè dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ fún ẹṣin, tí yóò sì pa á. Abẹ́rẹ́ diminazene tí àwọn darandaran ń gún màlúù nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kò gba àṣìṣe lára ẹṣin, torí pé agbára tí ẹṣin fi ń gbà á kò tó ti màlúù. Pẹnisílììnì funfun tó ń dà bí ẹ̀kọ nínú sìríǹjì, bí ó bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ dípò ẹran ara, lè mú kí ẹṣin ya wèrè lójú ẹsẹ̀, kí ó sì wó lulẹ̀. Àní oúnjẹ adìyẹ tí wọ́n fi monensin sí nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àpò oúnjẹ adìyẹ àti àpò dùsá ẹṣin wà nínú yàrá kan náà.

Ní ti ojú, omi iyọ̀ tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ mú ẹṣin sí abẹ́ òjìji, kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kán oògùn ojú ènìyàn tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú lè mú kí ọgbẹ́ orí ẹyinjú jinlẹ̀ títí ojú yóò fi fọ́. Ní ti ooru, tí ọ̀sán oṣù Kẹta Ìlọrin mú wá tàbí tí ìdúró pípẹ́ lábẹ́ aṣọ ọ̀ṣọ́ àti gàárì mú wá, garawa àti omi púpọ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ tú gàárì, kí ẹ máa da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mu omi. Kò sí òótọ́ nínú ìbẹ̀rù pé omi tútù yóò dì í lẹ́ran ara.

Àpótí fúnra rẹ̀ kò nílò ẹwà. Ike tó ní ìdérí tó sé dáadáa, tí ekuru ọyẹ́ kò lè wọ̀, ti tó. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ kò mú, tọ́ọ̀ṣì tí a lè dè mórí, okùn àti okùn ìsorí ẹṣin kan tó wà láìlò kún ohun tí a ti kà. Ẹ má gbé e sí bọ́ọ̀tù mọ́tò, nítorí pé oòrùn á ba áyódíìnì àti gọ́ọ̀mù téèpù jẹ́. Bí ẹ bá mú òwú níbẹ̀, ẹ dá òmíràn padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, torí pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè wà ní Ọ̀ffà lọ́jọ́ tí ẹṣin bá ṣèṣe ní Ìlọrin.

Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà méjì sí inú ìdérí náà pẹ̀lú ìkọ̀wé gàdàgbà. Ilé Fásitì Ìlọrin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, àwọn dókítà ẹranko aládàáni sì wà nígboro, nítorí náà ẹ lọ mọ̀ wọ́n kí wàhálà tó dé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Òmù-Àrán àti Èrìn-Ilé, tí ọ̀nà yín jìn. Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ sọ ọjọ́ orí ẹṣin àti ìwọ̀n ara rẹ̀, ohun tí ẹ rí àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbóná ara, lílù ọkàn àti mímí rẹ̀, àwọ̀ erìgì rẹ̀, ìgbà tó jẹun àti ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún un ní oògùn tàbí àgbo kankan kí ẹ tó pè, ẹ sọ ìyẹn náà, kódà bí ó bá jẹ́ bàbá ilé ló fún un, nítorí pé oògùn tí dókítà bá fẹ́ lò lè bá èyí tó ti wà lára ẹṣin jà.